Ẹ Gbé Àwo Kúrò Níwájú Fóònù, Ẹ Ṣí Géètì fún Àwọn Ọmọ

Lọ́jọ́ ìdìbò ní Èkó, nígbà tí ìjọba bá ní kí ọkọ̀ má rìn, ojú títì máa ń rí ohun tí kì í rí lọ́jọ́ mìíràn. Kí oòrùn tó mú, àwọn ọmọ á ti to òkúta méjì síbí, méjì sọ́hùn-ún, wọ́n á ti pín ara wọn sí ikọ̀ méjì, bọ́ọ̀lù á sì ti máa yí. Ọ̀nà tí danfó àti tírélà kì í jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ gbà, ọmọ ọdún méje á máa sáré lórí rẹ̀ láìwọ bàtà. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Kò sí tíṣà tó fọn fèrè, kò sí òbí tó sanwó. Àyè ló ṣí sílẹ̀, wọ́n sì jáde.

Mo fẹ́ kí gbogbo àwa tí a bímọ, tí a ń kọ́ ọmọ níwèé, tí a nílé ládùúgbò, rántí ọjọ́ yẹn nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àwọn ọmọ ìwòyí ò fẹ́ ṣeré mọ́, pé fóònù nìkan ló wà lọ́kàn wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa àgbà la ti géètì mọ́ wọn, la kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ tí wọ́n ń sá ká, la fi lẹ́sìnnì dí ìrọ̀lẹ́ wọn, la wá gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́ kí ilé lè dákẹ́. Lẹ́yìn náà la tún gbé àwo oúnjẹ síwájú fóònù ọ̀hún. Ọ̀rá tó ń pọ̀ lára àwọn ọmọ wa, àfọwọ́fà wa ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àwa àgbà ni mo ń pè. N kò pe ọmọ kankan lẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti tóbi ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Lọ́dún 1990, nínú 100 ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 19 lágbàáyé, 8 ló sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó fi máa di 2022, wọ́n ti di 20. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló ṣírò rẹ̀: àwọn ọmọ náà lé ní mílíọ̀nù 390, mílíọ̀nù 160 nínú wọn ni sísanra ọ̀hún sì ti di àìsàn sí lára. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, UNICEF kéde pé ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí iye àwọn ọmọ tí ọ̀rá ti di àìsàn sí lára yóò ju ti àwọn tó rù jù lọ. Apá ibi méjì péré ni wọ́n yọ sílẹ̀ lágbàáyé: gúúsù Éṣíà, àti Áfíríkà tiwa yìí ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà.

Ẹlòmíràn á ní, ṣebí wọ́n ti yọ wá sílẹ̀, ebi ló ń bá wa jà. Òótọ́ ni pé ebi wà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2023 sí 2024 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, nǹkan bí 40 ló kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ torí pé oúnjẹ aṣaralóore ò tó wọn jẹ. Ẹni tó bá ní ká gbàgbé àwọn ọmọ yẹn, kò fẹ́ràn wa. Ṣùgbọ́n ebi àti ọ̀rá kò pín àdúgbò. Ojúlé kan náà ni wọ́n lè jọ wà, kódà ara ọmọ kan náà ni wọ́n lè bá pàdé. Ọmọ tí ebi ti gé kúrú láti kékeré, tó wá di ọmọ ọdún 10 tó ń fi bísíkíìtì àti mínírà jókòó ti fóònù, ewu tirẹ̀ ju ti ọmọ tó jẹun dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, nítorí ara tí ebi ti bá fínra rí máa ń di ọ̀rá mú, pàápàá níkùn. Ní ti pé wọ́n yọ wá sílẹ̀ nínú ìṣirò, ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé a ṣì ní àyè láti dá ọ̀rọ̀ yìí dúró kó tó gbilẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń náwó gọbọi lórí ìtọ́jú ọmọ tó sanra jù báyìí ì bá fi ohun gbogbo gba irú àyè bẹ́ẹ̀.

Báwo gan-an ni fóònù ṣe ń mú ọmọ sanra? Ibí yìí ló yẹ ká dúró sí dáadáa, torí ohun tí ọ̀pọ̀ wa rò kọ́ ló jẹ́ òótọ́ jù. A rò pé jíjókòó ni: ọmọ ò sáré, oúnjẹ ò dà, ó di ọ̀rá. Díẹ̀ nínú òótọ́ nìyẹn.

Lọ́dún 1985, William Dietz, dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, àti ẹnìkejì rẹ̀ Steven Gortmaker, tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi béèrè bóyá ìdí tẹlifíṣọ̀n la ti ń bọ́ ọmọ yó títí tó fi ń sanra jù. Wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ wò. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 12 sí 17, bí wákàtí kan bá ṣe ń gorí òmíràn nídìí tẹlifíṣọ̀n lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tó sanra jù ń fi nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 lé sí i. Àwọn kan jiyàn. Wọ́n ní bóyá ọmọ tó ti sanra tẹ́lẹ̀ ló ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, pé tẹlifíṣọ̀n ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Iyàn tó tọ́ láti jà ni, ó sì gba ọdún 14 kí ẹnì kan tó dáhùn rẹ̀ tààrà.

Thomas Robinson ní Yunifásítì Stanford ló dáhùn. Ó mú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjì ní ìlú San Jose, ní California. Ní ọ̀kan, àwọn olùkọ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta àti ìkẹrin ní ẹ̀kọ́ 18 láàárín oṣù mẹ́fà lórí bí wọ́n ṣe lè dín wíwo tẹlifíṣọ̀n, fídíò àti géèmù kù. Àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi ọjọ́ 10 yẹra fún gbogbo rẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn náà wọ́n fún wọn ní wákàtí 7 péré lọ́sẹ̀. Ní ilé-ìwé kejì, wọn ò yí nǹkan kan padà. Ẹ wá gbọ́ o: kò sẹ́ni tó ní kí àwọn ọmọ ilé-ìwé àkọ́kọ́ yẹn máa sáré, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n dín oúnjẹ kù. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ náà parí, tí wọ́n wọn ọ̀rá ẹ̀yìn apá wọn àti ìbàdí wọn, ọ̀rá tó kún ara wọn kéré sí ti àwọn ọmọ ilé-ìwé kejì. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ níwájú tẹlifíṣọ̀n náà sì ti dín kù. Ọdún 1999 ni wọ́n tẹ èyí jáde.

Lọ́dún 2008, Leonard Epstein àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York, tún fi ọdún méjì tọ ipa 70 ọmọ tó wà láàárín ọdún 4 sí 7. Wọ́n so ẹ̀rọ kan mọ́ tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà ilé wọn tó ń ka wákàtí, tí ẹ̀rọ náà á sì pa á bí wákàtí bá pé. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n dín in kù fún apá kan nínú àwọn ọmọ náà títí ó fi di ìdajì. Ọ̀rá àwọn wọ̀nyí dín kù ju ti àwọn yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n wá wo ohun tó fà á, kì í ṣe pé wọ́n ń sáré ju tẹ́lẹ̀ lọ. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ló dín kù.

Ẹnu ni fóònù ń gbà wọlé. Ọmọ tó bá jókòó ti oúnjẹ láìsí ohun mìíràn níwájú rẹ̀, ikùn rẹ̀ á ránṣẹ́ sí ọpọlọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ pé ó ti tó, ọmọ á sì ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ tí ojú rẹ̀ wà nínú kátúùnù kò ní gbọ́ ohun tí ikùn ń sọ. Ọwọ́ rẹ̀ á ṣáà máa lọ sínú àwo títí àwo á fi mọ́, tí wọ́n bá sì bu òmíràn sí i, á tún mọ́. Àti pé kì í ṣe ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà lọmọ ń jẹ nídìí fóònù. Ohun tí ọwọ́ kan lè mú láìwo ibẹ̀ ni: ṣínṣín, bísíkíìtì, pọ́fù-pọ́fù, àti mínírà tí ìgò 50cl rẹ̀ lè ní ju síbí ìrotíì 10 ṣúgà lọ nínú.

Ìpolówó tún wà. Lọ́dún 2009, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi kátúùnù han àwọn ọmọ ọdún 7 sí 11, wọ́n sì gbé ìpanu síwájú wọn. Àwọn kan rí ìpolówó oúnjẹ láàárín kátúùnù náà, àwọn tó kù rí ìpolówó ohun mìíràn. Àwọn tó rí ti oúnjẹ jẹ ìpanu tó fi ìdá 45 nínú 100 ju ti àwọn yòókù lọ. Ìpanu tí wọ́n sì jẹ kì í ṣe èyí tí wọ́n polówó. Wọ́n kàn rántí ẹnu ni. Tẹlifíṣọ̀n nìyẹn o, tí ìpolówó rẹ̀ ṣe é mọ̀. Lórí fóònù lónìí, aláwàdà tí ọmọ yín fẹ́ràn ni yóò máa mu mínírà láàárín àwàdà, ọmọ ọdún 8 kò sì lè mọ̀ pé wọ́n sanwó fún un.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, mo bẹ̀ yín. Mo mọ ilé púpọ̀ tó jẹ́ pé kátúùnù ni wọ́n fi ń fún ọmọ lóúnjẹ. Ọmọ kọ̀ láti yanu, iṣẹ́ ń dúró deni, wọ́n tan fóònù, ẹnu ọmọ là, wọ́n ti síbí bọ̀ ọ́. Oúnjẹ tán, ọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ kọ́ níbẹ̀ ni pé ojú ló ń jẹun, pé kò sí ìdí láti bi ikùn léèrè. Tó bá dé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò ní lè jẹun mọ́ láìsí fóònù, kò sì ní mọ ìgbà tó yó. Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ mú èyí: láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má jẹun níwájú fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n mọ́. Bàbá náà wà níbẹ̀. Bí bàbá bá ń gbé ẹ̀bà jẹ níwájú bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì, òfin náà ti kú. Òfin yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kò gba ìyọ̀ǹda ìjọba.

Oorun ló kàn. Àwọn onímọ̀ nípa oorun ní Amẹ́ríkà là á sílẹ̀ ní 2016 pé ọmọ ọdún 6 sí 12 gbọ́dọ̀ sùn tó wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́, pé ti ọmọ ọdún 13 sí 18 sì jẹ́ 8 sí 10. Ẹ wá bá mi ṣírò ti ọmọ Ìkòròdú tàbí ti Alímọ̀ṣọ́ tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ń wá gbé ní aago mẹ́fà ìdájí. Aago márùn-ún ni wọ́n ń jí i. Kí ó tó lè sun wákàtí 9, aago mẹ́jọ alẹ́ ló gbọ́dọ̀ ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mélòó nínú wọn ló ń rí i bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ni fóònù ṣì wà lọ́wọ́ wọn ní aago mẹ́wàá, lábẹ́ aṣọ ìbora, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó ń tan ọpọlọ jẹ pé ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ọmọ tí oorun rẹ̀ kò tó, ebi rẹ̀ á yàtọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohun dídùn àti ohun díndín ni ara rẹ̀ á máa béèrè, agbára láti sáré ò sì ní sí.

Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tó di tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, wákàtí tó ní kò pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni tẹlifíṣọ̀n ń ṣí, ó sì ń pa lálẹ́. Bó bá ti pa, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ọmọ tó ti ilé-ìwé dé ní aago méjì kò ní ohun tó máa wò, ó bọ́ síta. Fóònù kì í pa. Fídíò kan kò tíì tán tí òmíràn á ti bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ọlọ́gbọ́n èèyàn ni wọ́n sì jókòó láti rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìwà pálapàla kọ́ ni bí ọmọ ọdún 9 kò bá lè pa á fúnra rẹ̀. Àgbà tó ń kà mí yìí náà mọ bó ṣe rí fún òun. Nítorí náà, kí fóònù gbogbo ilé máa sùn ní pálọ̀, nídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, kí ó má wọ yàrá ọmọ.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ pé ọmọ ń jẹun dáadáa láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni pé kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ìyá àgbà tó bá ti ìlú wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó bá a rọ̀bọ̀tọ̀, á ní ẹ kú ìtọ́jú. N kò lè bá ìyá àgbà jà. Ó rí ìgbà tí ìgbóná àti ìgbẹ́ gbuuru ń kó ọmọ lọ, tí ọmọ tó rù kì í sábà yè bọ́. Ọ̀rá díẹ̀ lára ọmọ nígbà náà, ààbò ni. Àìsàn ti ìsinsìnyí yàtọ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀, orúnkún dídùn, ìhanrun tó ń dí ọmọ lọ́nà ọ̀fun lóru. Irú àtọ̀gbẹ tí àwọn dókítà ń pè ní ti àgbàlagbà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ń bá a lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ní àwọn ilẹ̀ tí ọmọ sísanra ti gbilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó sanra jù ló sì ń gbé ọ̀rá náà dàgbà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ọmọ yín dúró, ẹ ò nílò ẹ̀rọ. Ẹ mú okùn kan, ẹ fi wọn ọmọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí ẹ gé e síbẹ̀. Ẹ ṣẹ́ okùn náà po sí méjì ọgbọọgba. Okùn tí ẹ ṣẹ́ po yìí ló yẹ kó yí ikùn ọmọ náà ká, kí orí rẹ̀ sì kanra. Bí kò bá kanra, ọ̀rá ikùn ti ń pọ̀ jù. Ìlànà tí wọ́n ń lò fún ọmọ tó bá ti pé ọdún 5 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà nìyẹn: kí yíyíká ìbàdí má tó ìdajì gíga. Nínú yàrá ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní orobó ní kíláàsì kì í jáde síta ṣeré. Ńṣe ló ń sá pa mọ́ sínú fóònù, tó sì ń jẹun sí i. Ẹ má sì fi ebi pa á o. Ọmọ tó ń dàgbà kò nílò kó rù. Bí ọ̀rá bá dúró níbi tó wà, gíga rẹ̀ á lé e bá.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ìwà ọ̀lẹ ni ọ̀pọ̀ òbí ṣe ń fún ọmọ ní fóònù. Ìyá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di aago mẹ́jọ, bàbá tó há sínú gosiló láti Òjótà, ọ̀nà tí ọ̀kadà ń gbà bí ìjì, ẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ: ta ló máa ní kí ọmọ bọ́ síta? Bí oṣù kẹta ọdún 2020 sì ṣe dé, tí Kòrónà ti gbogbo ilé-ìwé pa, fóònù gan-an ló di kíláàsì. A ra dátà fún wọn fúnra wa. Ilé-ìwé ṣí padà, fóònù ò kúrò lọ́wọ́. Ohun tí òbí kan ò lè dá yanjú ni èyí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ìdí sì nìyí tí mo fi ń ké sí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àti gbogbo onílé ládùúgbò.

Ẹ̀yin lẹ ní géètì ojú ọ̀nà. Ẹ̀yin lẹ ń gba owó ọlọ́dẹ. Bí ẹ bá lè ti géètì ní aago mọ́kànlá alẹ́ nítorí olè, ẹ lè tì í láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé nítorí àwọn ọmọ. Kí ọkọ̀ gba ọ̀nà kejì fún wákàtí méjì. Kí ọlọ́dẹ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kí òbí méjì-méjì máa ṣọ́ àwọn ọmọ ní àgbà-yíká. Ní Bristol, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òbí aládùúgbò ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ lójú ọ̀nà ilé wọn ní 2009, nígbà tó yá ìjọba ìlú náà fọwọ́ sí i, ó sì tàn dé ìlú mìíràn. Àwọn ọmọ wa kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa ṣe níbẹ̀. Bojúbojú, ẹkùn mẹ́ran, sùwé, tẹ́ǹ-tẹ̀ǹ, fífo okùn, mọ́ńkì pósìtì, gbogbo rẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn.

Ẹ má sì jẹ́ kó di ti ọkùnrin nìkan. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 17 wò káàkiri àgbáyé ní 2016, ìdá 81 nínú 100 wọn kì í lo ara tó bó ṣe yẹ. Ti ọkùnrin jẹ́ nǹkan bí 78, ti obìnrin sì jẹ́ 85. Ìdí rẹ̀ nílé tiwa ò farasin. Tí ọmọkùnrin bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ọmọbìnrin wà ní kíṣíìnì tàbí nídìí ọjà. Ẹ pín iṣẹ́ ilé, kí òun náà lè fo okùn.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin ààfáà, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àti ọgbà mọ́ṣáláṣí ló kù tó fẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ọ̀pọ̀ wọn ló ṣófo nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú. Wọ́n ní ògiri, wọ́n ní aṣọ́gbà, òbí sì fọkàn tán yín ju ojú pópó lọ. Ẹ ṣí wọn fún gbogbo ọmọ àdúgbò, láìbi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń jọ́sìn.

Ní ti ilé-ìwé, inú mi kì í dùn bí mo bá ń sọ ọ́. Ilé gbígbé alájà mẹ́ta, wọ́n kùn ún ní búlúù àti yẹ́lò, wọ́n kọ orúkọ sí iwájú rẹ̀, ó di ilé-ìwé. Àyè tó yẹ kí ọmọ sá ká, bọ́ọ̀sì méjì àti jẹnẹrétọ̀ ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ á jókòó láti aago mẹ́jọ di méjì, lẹ́sìnnì á tún gbà wọ́n di mẹ́rin, iṣẹ́ àṣetiléwá á gba alẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ó kéré tán 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́ ṣe ohun tó ń mú kí ọkàn sáré kí èémí sì ya. Ìgbà wo ni kó ṣe é? Kódà nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún ètò ẹ̀kọ́ ṣe lẹ́yìn ọdún 2010, inú iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n há eré ìdárayá àti ìmọ̀ ìlera mọ́, lábẹ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Nínú àtúnṣe ọdún 2025, wọ́n ti jẹ́ kó dá dúró padà. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ń kọ ìtumọ̀ eré ìdárayá sójú pátákó, tí àwọn ọmọ ń dà á kọ sínú ìwé, ṣé eré ìdárayá nìyẹn?

Ẹ̀yin onílé-ìwé, bí ẹ ò bá ní pápá, ẹ bá ilé-ìwé ìjọba tó wà nítòsí ṣe àdéhùn. Ẹ má fi ìsinmi ọ̀sán jẹ ọmọ níyà. Ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ló nílò rẹ̀ jù. Ẹ gbé mínírà kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù ilé-ìwé. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí ilé-ìwé tí kò lè tọ́ka sí ibi tí ọmọ ti ń sáré, ẹ má sì ta ilẹ̀ ilé-ìwé kankan mọ́ fún ṣọ́ọ̀bù. Ibi bíi Campos ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Rowe Park ní Yábàá fi hàn pé pápá lè wà láàárín ìlú tó há, kí ó sì kún fún ọmọ. Àdúgbò mélòó ló ní irú rẹ̀?

Ìjọba àpapọ̀ náà níṣẹ́. Òfin Ìnáwó ọdún 2021 fi owó orí náírà 10 lé lítà kan mínírà. Tí ẹ bá pín in, náírà 5 ló kan ìgò 50cl. Kò sí ọmọ tó máa tìtorí náírà 5 mu omi. Ẹ jẹ́ kí ó wúwo, kí owó rẹ̀ sì lọ sórí pápá àti omi mímu ní ilé-ìwé. ARCON, àjọ tó ń ṣàmójútó ìpolówó ní Nàìjíríà, tí òfin ọdún 2022 fún lágbára lórí gbogbo rẹ̀, lè ṣe ohun tí àwọn mìíràn ti ń ṣe. Láti 2016 ni orílẹ̀-èdè Chile ti yọ àwòrán kátúùnù kúrò lára páálí oúnjẹ tí ṣúgà, iyọ̀ tàbí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ jù, tó sì fi àmì dúdú kìlọ̀ sára rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ìpolówó irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ láyè mọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù, wọn ò sì gba èyí tí wọ́n sanwó fún láyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbàkígbà. Ọmọ Nàìjíríà kò ní ìfun tó yàtọ̀ sí ti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì.

A ò ní dúró de ìjọba kí a tó bẹ̀rẹ̀. Sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ ká fojú sí. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ àkọ́kọ́ nínú sáà náà, ẹ má pa á jẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé àti aṣọ nìkan gba gbogbo àkókò. Kí òbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó wọlé. Ẹ dìde, ẹ béèrè iye ìṣẹ́jú tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń sáré lọ́sẹ̀ ní ilé-ìwé yẹn. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ béèrè ìdí tí iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ ọdún 7 fi gbọ́dọ̀ wà lórí WhatsApp, tí ìwé àti pẹ́ńsù sì wà. Lẹ́yìn náà, kí òbí tó wà níbẹ̀ jọ dá aago kan tí gbogbo fóònù ọmọ kíláàsì náà á máa kúrò lọ́wọ́ lálẹ́, kí ọmọ kankan má lè padà sílé wá sọ pé òun nìkan ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn ọ̀gá ilé-ìwé sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, kí ẹ sì ka ìdáhùn náà sókè ní ìpàdé tó bá tẹ̀ lé e.